Òjò ń rọ̀, omi ò sí: bí ayé ṣe rí ní abúlé orí òkè ayọnáyèéfín

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ohun tó yẹ kó máa ba ará abúlé ẹ̀gbẹ́ òkè ayọnáyèéfín lẹ́rù, iná ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn ò parọ́. Àmọ́ irú òkè bẹ́ẹ̀ lè sùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó ta jí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mu omi lónìí, wọ́n gbọ́dọ̀ gbin nǹkan, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ibi sùn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Inú nǹkan mẹ́rin yìí ni wàhálà wọn pọ̀ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń rú àlejò lójú, torí ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ ni òkè náà, kì í ṣe ìkòkò

Ọ̀rọ̀ omi ló yani lẹ́nu jù. Ní Debundscha, ní ìsàlẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù lẹ́bàá òkun, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan tó nǹkan bíi mítà 10. Ká ní ilẹ̀ ibẹ̀ kì í fa omi mu, tí oòrùn kì í sì í gbẹ ẹ́, òjò ọdún kan ṣoṣo ì bá bo ilé alájà mẹ́ta mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ń gun òkè yẹn lọ, ẹ ó rìn títí kí ẹ tó rí odò kan tó ń ṣàn. Bákan náà ló rí ní àríwá Rùwáńdà lábẹ́ àwọn òkè Virunga. Òjò ń rọ̀ dáadáa, ewéko tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n omi mímu wọ́n débi pé àwọn kan máa ń yọ́ wọ inú igbó Volcanoes National Park lọ pọnmi, bẹ́ẹ̀ òfin kò fàyè gbà á.

Bí òkè náà ṣe di òkè ló fà á. Lává, ìyẹn àpáta tó yọ́ tó sì ń ṣàn, máa ń sán nígbà tó bá ń tutù. Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ a máa fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Láàárín lává tó kọ́kọ́ ṣàn àti èyí tó ṣàn lé e lórí, eérú àti òkúta wẹ́wẹ́ tí kò lẹ̀ mọ́ra ló wà. Omi òjò kì í wá dúró lókè kó di odò. Ńṣe ló ń jò wọlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bu omi sínú apẹ̀rẹ̀. Yóò máa lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan amọ̀ àtijọ́ tàbí àpáta tó ṣù pọ̀ tí kò ní ihò. Ibẹ̀ ni yóò ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò máa rìn lábẹ́lẹ̀, tí yóò wá tú jáde ní ẹsẹ̀ òkè bí ìsun, nígbà mìíràn ní ibi tó jìnnà gan-an sí ibi tí òjò ti rọ̀. Abúlé ìsàlẹ̀ ló ń mu òjò tó pa abúlé òkè.

Ọjọ́ orí òkè náà ṣe pàtàkì. Òkè tó ti pẹ́ gan-an tó ti sùn ti jẹrà di amọ̀, ihò rẹ̀ ti dí, odò sì ti ń ṣàn lórí rẹ̀. Èyí tí lává rẹ̀ ṣì dúdú, tó ṣì ń gún ẹsẹ̀, ni kì í dá omi dúró. Ẹni tó bá ń wá ìsun kó jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó wo ibi mẹ́ta: ibi tí lává ti parí, ibi tí òkè tó dà gẹ̀rẹ́ ti tẹ́jú lójijì, àti ibi tí koríko ṣì tutù ní ìlà tóóró nígbà tí gbogbo yòókù ti gbẹ.

Iṣẹ́ títọ́jú ìsun kò le, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ wọlé títí wọn yóò fi rí ojú ibi tí omi ti ń jáde nínú àpáta gan-an. Wọ́n á kó òkúta tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ síwájú rẹ̀, wọ́n á mọ ògiri kékeré, wọ́n á ki páìpù bọ inú ògiri náà, wọ́n á sì fi amọ̀ tí wọ́n gún dáadáa bo orí òkúta kí omi ẹ̀gbin má bàa jò wọlé láti òkè. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á la kòtò tí yóò darí ọ̀gbàrá gba ibòmíì ní nǹkan bíi mítà 10 lókè rẹ̀, wọ́n á sì ṣọgbà yí i ká kí ẹran má bàa débẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń sọ ni kí wọ́n gbé páìpù ga ju ojú ìsun lọ, torí kí omi lè dé inú táǹkì tó ga. Omi náà kò ní gùn ún. Ńṣe ni yóò kọ̀ padà, tí yóò wá ihò mìíràn gbà nínú àpáta, ìsun tí àwọn baba ńlá wọn ti ń mu yóò sì gbẹ. Ó lè má padà síbẹ̀ mọ́ láéláé. Kí páìpù máa wà nísàlẹ̀ ojú ìsun nígbà gbogbo. Bí táǹkì bá ga jù, kí wọ́n gbé táǹkì wálẹ̀.

Ihò kan náà ló ń kó ẹ̀gbin rìn. Ní ilẹ̀ oníyanrìn, ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà ń fúnni ni pé kí ṣáláńgá fi mítà 30, ó kéré tán, jìnnà sí omi, torí pé yanrìn máa ń sẹ́ kòkòrò àrùn kúrò. Àpáta tó ti sán kì í sẹ́ ohunkóhun. Ìgbẹ́ tó bọ́ sínú ojú sísán lè jáde ní ìsun abúlé ìsàlẹ̀ láìsí ohun tó dá a dúró lọ́nà, ì báà jẹ́ mítà 30 tàbí 300. Ohun tó bójú mu níbẹ̀ ni ṣáláńgá tí wọ́n gbé ga kúrò nílẹ̀, tí wọ́n fi bíríkì àti sìmẹ́ǹtì dí ìdí rẹ̀ pa, tó ní yàrá méjì. Bí ọ̀kan bá kún, wọ́n á pa á dé fún ọdún 2, wọ́n á máa lo ìkejì. Ọdún 1 kò tó, torí òtútù òkè kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ tètè jẹrà, kòkòrò inú rẹ̀ kì í sì í tètè kú.

Ní abúlé tó wà lókè pátápátá, òrùlé ni odò wọn. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Mìlímítà 1 òjò lórí ibi tó fẹ̀ ní mítà 1 tó sì gùn ní mítà 1 jẹ́ lítà 1 omi. Òrùlé páànù tó fẹ̀ ní mítà 6, tó gùn ní mítà 8, yóò gba lítà 480 nínú òjò mìlímítà 10. Bí ẹ bá yọ èyí tó ta dànù àti èyí tó gbẹ sórí páànù, nǹkan bíi 400 ni yóò wọ táǹkì. Ilé tí èèyàn 6 ń gbé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 20 lóòjọ́, ń lo 120. Ẹ̀ẹ̀rùn ọjọ́ 90 yóò gba 10,800 lọ́wọ́ wọn. Táǹkì róbótó tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 2.6, tó ga ní mítà 2.1, gba 11,000 àti díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé á ra táǹkì lítà 1,000, yóò tán ní ọjọ́ 8, wọ́n á ní òjò kò tó. Òjò tó, táǹkì ni kò tó.

Omi tó kọ́kọ́ ṣàn lórí òrùlé ni ó ń fọ ìgbẹ́ ẹyẹ, eruku àti ewé jíjẹrà. Fún òrùlé tí mo wí yìí, lítà 48 àkọ́kọ́ ni kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Wọ́n máa ń fi kẹ́ẹ̀gì lítà 50 sí ẹnu gọ́tà ṣáájú táǹkì. Bí kẹ́ẹ̀gì bá kún, omi tó mọ́ á gba orí rẹ̀ kọjá sí táǹkì. Wọ́n á lu ihò bíńtín sí ìdí kẹ́ẹ̀gì náà kó lè máa jò títí yóò fi ṣófo de òjò mìíràn. Ihò bíńtín yẹn ni àléébù rẹ̀: bí ewé kan bá dí i, kẹ́ẹ̀gì kò ní ṣófo, gbogbo ìdọ̀tí òjò tó ń bọ̀ yóò sì wọ inú omi mímu. Kí ẹnìkan máa fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹnu táàpù ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìdí táǹkì kí ẹrẹ̀ má bàa bá omi jáde, kí wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ojú ihò nítorí ẹ̀fọn.

Bí òkè náà bá ń rú èéfín, ọ̀rọ̀ yí padà. Èéfín náà máa ń sọ òjò di kíkan, òjò kíkan a sì máa jẹ irin àti òjé. Ní Hawaii, ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n rí òjé nínú omi òjò tí àwọn ará ilé kan ń gbè, torí pé òjò tí èéfín òkè Kilauea ti sọ di kíkan ń jẹ òjé ara ìṣó àti ohun tí wọ́n fi jó òrùlé pọ̀. Gbígbóná kì í yọ òjé kúrò nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà àtijọ́ lórí páànù kò dára fún omi mímu ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Gọ́tà oníke ló yẹ.

Ní ti gbígbóná, omi máa ń hó lókè ṣáájú kó tó gbóná tó bó ṣe yẹ. Ní ibi tó ga ní mítà 2,000, nǹkan bíi dígírì 93 ló ti ń hó, dípò 100. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ lórí iná níbẹ̀, tí àlejò á máa dá igi ìdáná lẹ́bi. Kòkòrò àrùn ṣì ń kú nínú omi náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 3 kí wọ́n tó sọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ tó ń fi omi pamọ́

Ilẹ̀ tí eérú òkè bí ní ìrísí tirẹ̀. Andosol ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é. Láti inú èdè Jàpáánù ni wọ́n ti mú un, níbi tí «an» ti jẹ́ dúdú, tí «do» sì jẹ́ ilẹ̀. Ó fúyẹ́ gan-an. Lítà 1 ilẹ̀ gbígbẹ rẹ̀ kì í sábà tó gíráàmù 900, bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀ oko mìíràn máa ń tó 1,200 sí 1,400.

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá tutù níwọ̀nba. Ní ọwọ́ yín, yóò dà bíi pé kò ní omi nínú, yóò ṣù pọ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka ìlábẹ̀, kí ẹ máa rà á. Lójijì yóò yọ̀ bí ọṣẹ, omi á sì bo orí ìka yín. Kò sẹ́ni tó da omi sí i. Inú àwọn ihò tójú kò lè rí ni omi náà wà tẹ́lẹ̀, ìfúnmọ́ ọwọ́ yín ló tú u sílẹ̀. Omi ìpamọ́ yìí ló ń gbé ọ̀gbìn ró bí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí oko ibòmíì ti ń rọ. Òun náà ló fà á tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè fi ń ya lulẹ̀ nígbà òjò ńlá tàbí ìmìtìtì ilẹ̀, torí ohun tí ìka yín ṣe sí ẹ̀kúnwọ́ kan ni ìmìtìtì ń ṣe sí odindi ẹ̀gbẹ́ òkè. Ilé tí wọ́n gé òkè kọ́ sí láìfi òkúta gbá ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ààbò.

Bí ilẹ̀ yìí bá gbẹ tán pátápátá, kì í gba omi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Yóò di ìyẹ̀fun tí atẹ́gùn ń gbé lọ. Nítorí náà jíjó oko àti fífi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn burú níbẹ̀ ju ibòmíì lọ. Koríko gbígbẹ tàbí ewé ni kí wọ́n fi bò ó.

Wàyí o, ìbéèrè tí àwọn àgbẹ̀ tuntun máa ń béèrè: bí ilẹ̀ bá dúdú tó báyìí, kí ló dé tí àgbàdo kò fi dàgbà dáadáa, tí ewé rẹ̀ sì ń di àwọ̀ elésè àlùkò? Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú oúnjẹ tí ọ̀gbìn ń fà láti inú ilẹ̀, ni kò rí jẹ. Kì í ṣe pé kò sí nínú ilẹ̀ o. Ilẹ̀ eérú òkè kún fún álúmínọ́ọ̀mù àti irin ní ìrísí kan tó ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú bí ahun ṣe ń di owó mú. Ẹni tó bá fọ́n ajílẹ̀ káàkiri orí oko kàn ń bọ́ ilẹ̀ ni, kò bọ́ àgbàdo. Kí ó la ojú ìlà, kó da ajílẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ irúgbìn, kó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 nísàlẹ̀ rẹ̀, kí gbòǹgbò lè tètè bá a kí ilẹ̀ tó dì í mú tán. Ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà, tí wọ́n pò mọ́ ọn, máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ má tètè ná owó: òtútù nìkan lè sọ ewé àgbàdo kékeré di elésè àlùkò. Bí oòrùn bá ràn fún ọ̀sẹ̀ kan tí ewé tuntun sì yọ ní àwọ̀ ewé, òtútù ni. Bí ewé tuntun náà bá tún ní àwọ̀ yẹn, ilẹ̀ ni.

Eérú tí kì í ṣe eérú

Ọ̀rọ̀ náà «eérú» ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Eérú iná ìdáná jẹ́ ìyókù igi. Eérú òkè jẹ́ àpáta àti gíláàsì tó fọ́ túútúú. Kì í yọ́ nínú omi. Ó mú bí àfọ́kù ìgò. Bó bá tutù, iná mànàmáná lè gba ara rẹ̀ kọjá. Kò sì di ajílẹ̀ lọ́jọ́ tó bọ́ sílẹ̀: ọ̀rá tí wọ́n ń yìn nínú rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọdún, kí òjò àti gbòǹgbò tó jẹ ẹ́ di ilẹ̀.

Ìwúwo rẹ̀ ló ń pànìyàn. Eérú gbígbẹ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 lè wúwo tó kílò 100 lórí mítà 1 níbùú lóròó. Bí òjò bá lu ú, ó lè di 200. Nígbà tí òkè Pinatubo bú gbàù ní Filipínì ní June 15, 1991, ìjì ńlá olójò wọlé lọ́jọ́ kan náà, eérú mumi, òrùlé wó. Òrùlé tó wó yìí ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ kú.

Torí náà kí wọ́n gbá a kúrò kó tó pọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ gọ́tà kúrò lẹ́nu táǹkì, kí wọ́n de táǹkì pa. Kí wọ́n wọ ìbòmú àti ohun tó bo ojú. Kí wọ́n wọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kó má bàa gbọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi omi fọ̀ ọ́ dànù. Omi púpọ̀ ń fi ìwúwo kún un, ó sì ń sọ ọ́ di bíi sìmẹ́ǹtì nínú gọ́tà. Kí wọ́n fi ṣọ́bìrì kó o díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òrùlé, kí ẹ̀gbẹ́ kan má bàa wúwo ju ìkejì lọ. Àkàbà tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni kí wọ́n dúró lé, kì í ṣe orí páànù: jíjábọ́ níbi iṣẹ́ yìí máa ń pa àwọn tí òkè kò pa.

Ẹran ọ̀sìn tiẹ̀ wà nínú ewu kí eérú tó nípọn rárá. Fúlóráìdì, ìyẹn kẹ́míkà kan tó lẹ̀ mọ́ eérú, máa ń wọ inú koríko, ó ń ba eyín àti egungun ẹran jẹ́. Ní Íslándì, nígbà tí ihò Laki tú jáde ní 1783, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àgùntàn ilẹ̀ náà àti ìdajì màlúù wọn ló kú, ìyàn sì pa ènìyàn tó tó ìdá kan nínú márùn-ún. Kí wọ́n so ẹran mọ́lé, kí wọ́n fún un ní koríko tí wọ́n ti kó pamọ́ àti omi tí eérú kò bọ́ sí, títí òjò yóò fi fọ pápá.

Eérú tó kù sórí òkè lè di ọ̀gbàrá ẹrẹ̀ bí òjò bá rọ̀, ó sì lè máa ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí òkè ti dákẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìró bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ láti òkè odò kó má bá odò sáré lọ sísàlẹ̀. Kó fi odò sílẹ̀, kó gun ẹ̀gbẹ́ òkè.

Kòtò

Nínú gbogbo ohun tí a ń wí, kòtò ló ṣòroó gbàgbọ́ jù fún ẹni tí kò tíì dé irú ibẹ̀ rí. Ibi tó tẹ́jú, tó rọ ìdí, tí atẹ́gùn kì í fẹ́ sí, ló wu ojú láti kọ́lé sí. Ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣàn wọ kòtò ni òtútù. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ lóru, afẹ́fẹ́ tó tutù máa ń wúwo, yóò máa yọ́ sọ̀kalẹ̀ bí omi, yóò sì kún ibi tó rẹlẹ̀ jù. Lórí òkè Dieng ní erékùṣù Jáfà, tó ga tó nǹkan bíi mítà 2,000, ìrì dídì máa ń bọ́ sí oko pòtétò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé á sì dúdú kí ọ̀sán tó pọ́n. «Ìrì onímájèlé» ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Oko tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, mítà mélòó kan sókè, lè má rí i rárá. Ẹni tó bá gbin igi ọgbà tó dí pa sí ìsàlẹ̀ oko rẹ̀ ti dí ọ̀nà tí òtútù ì bá gbà jáde. Kó ṣí àlàfo sí i.

Ohun kejì ni gáàsì. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì máa ń jò láti abẹ́ òkè ayọnáyèéfín kódà nígbà tí òkè ń sùn. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.5 ti afẹ́fẹ́, nítorí náà ọ̀nà tí òtútù ń gbà lòun náà ń gbà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bó bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100 afẹ́fẹ́, orí á máa fọ́ni, mímí á yá kánkán. Bó bá ju 10 lọ, ènìyàn lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní àyíká Goma ní Kóńgò, mazuku ni wọ́n ń pe irú kòtò bẹ́ẹ̀, ìyẹn atẹ́gùn búburú lédè Swahili. Ní Dieng, ní February 20, 1979, àwọn ará abúlé ń sá fún òkè tó bú, wọ́n sá wọ inú gáàsì yìí, nǹkan bí 150 ló kú. Ní Kamẹrúùnù, ní alẹ́ August 21, 1986, gáàsì tó ti pọ̀ sí ìsàlẹ̀ adágún omi Nyos tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó gba àfonífojì lọ títí dé ibi tó jìn ní nǹkan bíi kìlómítà 25, ó sì pa nǹkan bí ènìyàn 1,700. Láti 2001 ni páìpù ti wà nínú adágún yẹn tó ń tú gáàsì náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: omi ìsàlẹ̀ ń gbé ara rẹ̀ sókè bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀.

Àmì tí ará abúlé ń wò ni kòkòrò, ẹyẹ tàbí eku tó kú sínú kòtò láìsí ọgbẹ́, àti ojú ilẹ̀ kan tí koríko kì í hù sí. Òwúrọ̀ kùtùkùtù tí atẹ́gùn kò fẹ́ ló burú jù. Oòrùn àti atẹ́gùn máa ń tú u ká. Ọmọdé àti ajá ló ń kọ́kọ́ ṣubú torí wọ́n kúrú, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá sùn sórí ilẹ̀. Kí bẹ́ẹ̀dì ga, kí ojú fèrèsé tàbí ihò wà nísàlẹ̀ ògiri ní ìhà tí ilẹ̀ dà sí, kí wọ́n má gbẹ́ yàrá sábẹ́ ilẹ̀ rárá. Àwọn kan máa ń fi àbẹ́là dán kòtò wò. Mi ò fara mọ́ ọn. Kí àbẹ́là tó kú, gáàsì ti pọ̀ ju èyí tí ara lè gbà lọ.

Àwọn àgbà máa ń ní ẹni tó bá jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Níbí, ẹ̀kọ́ náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé e wọlé. Ẹni tó sáré wọlé láti gbé ọmọ rẹ̀ ni ó máa ń jẹ́ òkú ìkejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tẹ̀ lé e a sì di ìkẹta. Okùn, ìwọ̀ gígùn, tàbí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìmí lẹ́yìn ló lè yọ ọ́. Dídi imú pẹ̀lú aṣọ tútù kò ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹsẹ̀

Èyí tó kù ni ó ń dùn wá jù, torí ó rọrùn láti dènà, síbẹ̀ ìtìjú ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀fọn ló fún un ní jàbùtẹ̀, tàbí wọ́n á ní èpè ni. Nígbà púpọ̀, ilẹ̀ ni. Àárẹ̀ náà ń jẹ́ podoconiosis. Ó wà ní Etiópíà, níbi tó ti mú ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1, ó wà ní Kamẹrúùnù, ní Rùwáńdà àti níbòmíì tí ilẹ̀ pupa ti jáde lára àpáta òkè ayọnáyèéfín, tí ibẹ̀ ga, tí òjò sì pọ̀. Dókítà Ernest Price, tó ṣiṣẹ́ ní Etiópíà, ló fi hàn láàárín àwọn ọdún 1970 pé ègé ilẹ̀ tó kéré ju ohun tójú lè rí ló ń wọ àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tí kì í wọ bàtà, tó ń dí ọ̀nà tí omi ara ń gbà padà láti ẹsẹ̀.

Kì í ràn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán ló ń mú. Ó ń rìn nínú ìdílé torí ara àwọn kan kò gba ègé ilẹ̀ yìí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n máa rò pé èpè ìdílé ni. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yíyún láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti gbígbóná lókè ẹsẹ̀ lálẹ́, lẹ́yìn náà ni wíwú tó máa ń lọ bí ènìyàn bá sùn. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló sábà ń mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan lè tóbi ju ìkejì. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè, kì í sábà kọjá orúnkún. Ti ẹ̀fọn lè bẹ̀rẹ̀ láti itan tàbí abẹ́, oògùn aràn sì wúlò fún un. Oògùn yẹn kò ní ṣe nǹkan kan fún èyí.

Ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ ti ojoojúmọ́. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ẹsẹ̀, pàápàá jù lọ inú ibi tó ká jọ àti àárín ọmọ ìka. Kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, kí wọ́n fi ìpara pa á kí awọ má bàa sán, torí ojú sísán ni egbò ti ń wọlé. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè bí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n máa yí ọrùn ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi báńdéèjì dì í. Ẹsẹ̀ tí kò tíì le máa ń fà padà lọ́nà tó hàn láàárín oṣù mélòó kan. Bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ló lè dènà rẹ̀. Sílípáàsì kò tó, torí ẹrẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Kí ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ láti ìgbà tó bá ti ń rìn.

Gbogbo èyí ń gba omi, abúlé òkè sì ni a ti sọ pé omi ti wọ́n. Ìdílé èèyàn 6 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan nílò lítà 5 sí i fún ẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Fún ọjọ́ 90, lítà 2,700 nìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ á wá di 13,500. Kí wọ́n má yí ìbú táǹkì padà. Kí wọ́n kàn gbé ògiri rẹ̀ kúrò ní mítà 2.1 sí 2.6.